Ìyá Ọba kì í ṣe ìyá tó bí ọba

Arábìnrin kan láti Ọ̀fà ló béèrè. Ó ń kọ ìtàn àròsọ nípa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí wọ́n mú wọ ààfin Ọ̀yọ́ Ilé kí ìlú náà tó tú. Ẹ̀gbọ́n bí ọmọkùnrin, ọmọ náà sì jọba. Ṣé ẹ̀gbọ́n yìí ló máa di Ìyá Ọba? Ṣé àwọn méjèèjì sì lè jọ jẹ́ ayaba?

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́ ni Ọ̀fà wà nígbà náà, ẹ kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Láyé Ọ̀yọ́ Ilé tí ẹ ń kọ nípa rẹ̀, oyè ni Ìyá Ọba. Kò sí ọmọ tí kì í dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Aláàfin kì í kúnlẹ̀ fún ẹ̀dá alààyè, àfi olórí àwọn obìnrin tó ń ṣọ́ Bàrà, níbi tí wọ́n ń sin àwọn ọba sí. (Obìnrin yẹn ni Aláàfin ń pè ní “Baba”. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.) Nítorí náà, bí ìyá tó bí ọmọ oyè bá ṣì wà láyé, wọ́n á ní kó lọ sùn. Ẹ mọ irú oorun tí mò ń wí. Wọ́n á sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ sílé ìbátan rẹ̀, àwọn ará ilé náà á di ẹni ọ̀wọ̀, ọba á sì máa ránṣẹ́ lọ bọ ojú oórì rẹ̀ lọ́dọọdún.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ààfin jẹ Ìyá Ọba. Òun ni ẹnì kẹta nínú yàrá nígbà tí Aláàfin àti Baṣọ̀run, olórí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, bá ń bọ Ọ̀run. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ó wà lára àwọn tó ń bá ọba kú. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mò ń kọ ọ́, àbúrò ni mo máa fi jẹ ẹ́: ẹ̀gbọ́n kú torí pé ọmọ rẹ̀ jọba, àbúrò á kú lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá wàjà.

Ní ti ayaba, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kì í ṣorogún. Níhìn-ín ní Ìlọrin, kéwú ti parí ẹjọ́ yẹn nínú Súrà An-Nisa, ẹsẹ 23. Àmọ́ àwọn ará ìta kàn ń pe gbogbo obìnrin ààfin ní ìyàwó ọba ni, àwọn olóyè inú wọn kì í ṣe aya rẹ̀. Ẹ wo Ìyá Kéré, ọ̀kan nínú àwọn olóyè obìnrin ààfin nígbà náà: kì í mọ ọkùnrin mọ́ láti ọjọ́ tó ti joyè, òun ló ń gbé adé lé ọba lórí, òun ló ń tọ́jú ohun ọ̀ṣọ́ oyè. Bí ọba bá ṣẹ̀ ẹ́, ó lè kó wọn pamọ́, ọba ò sì ní rí ohun tó máa fi jáde.