Ìdákẹ́jẹ́ Ìdájí

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ilé ẹbí tí èrò pọ̀ sí ni mò ń gbé ní Àjàṣẹ́. Mo máa ń jí ní aago 4 ìdájí láti dá jókòó kí àwọn ọmọ tó jí, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ní kò dára. Ṣé mo ṣàṣìṣe ni?

Ìdáhùn: Ẹ kò ṣàṣìṣe rárá, ìyá wa. Ní ìlú tí ariwo alùpùpù ti ń bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó yọ, wákàtí tí ẹ yàn yìí nìkan ni ẹnikẹ́ni kò ní pè yín. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7 ó kéré tán, nítorí náà ẹ rí i pé ẹ ti sùn kí aago 9 alẹ́ tó lù. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ nínú yàrá (mo bẹ̀ yín, ẹ má fi èyí ṣeré), kí ẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì máa tẹ́tí sí ìpè Àsùbáà bó ṣe ń ti òkèèrè bọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó tutù nítòsí ilẹ̀ lóru a máa jẹ́ kí ohùn rìn jìnnà. Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ pè wọ́n kí wọ́n wá jókòó tì yín ní ìdájí ọjọ́ kan.