Ọmọ ọdún kan tó ṣì ń jẹ oúnjẹ lílọ̀: báwo la ṣe máa mú un dórí oúnjẹ ilé?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọkùnrin mi pé ọdún kan lóṣù tó kọjá. Lílọ̀ ni mo ń lọ gbogbo oúnjẹ rẹ̀ kúnná. Tí mo bá fi ìrẹsì tàbí ẹran sí i lẹ́nu, á yọ ahọ́n síta, á fẹ́ bì, ẹ̀rù á bà mí, màá sì padà sídìí ẹ̀rọ ìlọta. Eyín mẹ́fà péré ló ní. Ìyá ọkọ mi ní kí n ní sùúrù títí eyín ẹ̀yìn á fi hù. Ṣé kí n dúró ni? Kí sì ni kí n máa fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ má dúró o. Àárín oṣù 13 sí 19 ni eyín ẹ̀yìn àkọ́kọ́ sábà máa ń hù, ti ọmọ mìíràn sì lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eyín iwájú tó ní yẹn, bíbù ló wà fún. Èrìgì rẹ̀ ló máa fi rún oúnjẹ tó rọ̀, èrìgì ọmọ ọdún kan sì lágbára gan-an. Ẹ fọ ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu lápá ẹ̀yìn níbi tí eyín ò tíì sí. Tó bá ti deyín mọ́ ọn, ẹ̀yin fúnra yín á mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tó kù ni pé kí ahọ́n rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, kó rún un, kó tó gbé e mì. Oúnjẹ lílọ̀ ò lè kọ́ ọ ní èyí, torí kò sí ohun tó fẹ́ rún níbẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé àwọn ọmọ tó pé oṣù 9 tàbí 10 kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ tó ní kókó sábà máa ń yọ òbí lẹ́nu nídìí oúnjẹ tó bá yá. Ọ̀rọ̀ tiyín ò tíì bọ́ sórí, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ gbé ẹ̀rọ ìlọta sápá kan, ẹ mú fọ́ọ̀kì. Oúnjẹ tó ti mọ̀ dáadáa, bí ẹ̀wà tàbí kárọ́ọ̀tì, ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ sè é kó rọ̀, ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ kó ki, kí kókó rírọ̀ sì wà nínú rẹ̀ káàkiri. Èyí tó máa ń dà wọ́n láàmú jù ni oúnjẹ tó ṣàn tí kókó wá fara pa mọ́ sínú rẹ̀: ahọ́n á ti múra láti gbé omi mì, kókó á wá bá a lójijì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí ìrẹsì yẹn nìyẹn. Bó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ dín títẹ̀ náà kù, kẹ́ ẹ wá máa gé e wẹ́wẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tẹ ègé kan wò. Bó bá fọ́ láìjẹ́ pé ẹ fipá tẹ̀ ẹ́, èrìgì rẹ̀ á rún un. Ẹran, ẹ sè é títí á fi máa já, kẹ́ ẹ ya á fínnífínní; ẹja, ẹ yọ gbogbo egungun; ẹyin, kó jinná dáadáa.

Ẹ kó díẹ̀ síwájú rẹ̀ kó máa fọwọ́ mú un. Oúnjẹ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ fi sẹ́nu kì í dẹ́rù bà á bí èyí tí wọ́n fi ṣíbí tì í lẹ́nu. Á fi para, á fi palẹ̀, ẹ fara dà á.

Ẹ̀rù tó ń bà yín ńkọ́? Bó bá yọ ahọ́n, tójú ẹ̀ pọ́n, tó ń wúkọ́, tó ń ṣe bí ẹni fẹ́ bì, ara rẹ̀ ló ń ti oúnjẹ padà síwájú. Ẹ ṣe sùúrù, ẹ má figbe bọnu, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Èyí tó léwu kì í pariwo: kò ní lè wúkọ́, kò ní lè sunkún, ètè rẹ̀ á máa yí àwọ̀. Ìyẹn ni pé oúnjẹ ti há a lọ́fun. Ẹ figbe ta kí wọ́n wá ràn yín lọ́wọ́, ẹ dorí rẹ̀ kodò díẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo bẹ yín, kí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ lọ bá nọ́ọ̀sì kó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é àti ohun tó kàn hàn yín.

Kó máa jókòó dáadáa bó bá ń jẹun, kí àgbà kan sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má fún un ní odidi ẹ̀pà, gúgúrú, súìtì líle tàbí kárọ́ọ̀tì tútù. Ẹ la èso àjàrà sí mẹ́rin lóròó.

Ìkòkò tí gbogbo ilé ń jẹ náà ni kẹ́ ẹ ti bu tirẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ bù ú kí ẹ tó fi iyọ̀ àti ata sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, pẹ̀lú ìpápánu kan tàbí méjì, ti tó. Bẹ́ ẹ bá ń fún un lọ́mú, ẹ máa bá a lọ; ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ni pé kó tó ọdún 2, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Wàrà màlúù ti tọ́ sí i báyìí, àmọ́ kó má ju nǹkan bíi mìlílítà 500 lọ lóòjọ́. Mo ti rí ọmọ tí wàrà kún inú rẹ̀ débi pé kò sáyè fún ẹran àti ẹ̀wà tó ń fún ara ní èròjà tí a fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. Oúnjẹ kọ́kọ́, wàrà tẹ̀ lé e, inú ife sì ni.

Ẹ ó rí i pé oúnjẹ rẹ̀ máa dín kù. Láàárín ọdún kìíní, ọmọ máa ń wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n tí wọ́n bí i. Lọ́dún kejì, nǹkan bíi kílò 2 sí 3 péré ló máa fi kún un. Ẹ̀yin lẹ máa pinnu ohun tó máa jẹ àti àkókò tó máa jẹ ẹ́, òun ló máa sọ pé òun yó. Bó bá yíjú, ẹ gbé e kúrò láìbínú, kẹ́ ẹ tún gbé e wá lọ́jọ́ mìíràn. Ọmọ mìíràn á rí oúnjẹ kan tó ìgbà 10 sí 15 kó tó gbà á.

Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá tí kò lè gbé kókó kankan mì, tàbí tí omi lásán ń pá a lórí lemọ́lemọ́, tàbí tó ń rù, ẹ gbé e lọ bá dókítà ọmọdé kó yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò.