Owó NHF àti òrùlé tó ń jò: ìdáhùn sí ìbéèrè yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Tíṣà ni mí ní Àpáta, n'Íbàdàn. Wọ́n ń yọ NHF (National Housing Fund, àpò owó ilé gbígbé tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀) nínú owó oṣù mi. Páànù ilé mi ti dípẹtà, òjò sì ń wọlé. Ṣé lóòótọ́ ni pé Federal Mortgage Bank, báńkì ìjọba tó ń bójú tó owó náà, lè yá mi lówó àtúnṣe?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Òfin NHF ti 1992 fàyè gba ẹni tó ń dáwó náà láti yáwó kọ́lé, rà á, tàbí tún un ṣe. 2.5% ni wọ́n ń yọ lóṣù, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti dá a fún oṣù 6 ó kéré tán.

Àmọ́ ẹ má tíì gba fọ́ọ̀mù. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá owó yín dé báńkì. Ti pé wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù kò ní kó ti débẹ̀, agbanisíṣẹ́ ló ń gbé e lọ. Bó bá gbé owó lọ láìfi orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ránṣẹ́, owó á wà ńlẹ̀, àkáǹtì yín á sì ṣófo. Ẹ mú nọ́ńbà NHF yín lọ sí ọ́fíìsì báńkì náà, kí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ yín jáde. Oṣù tó bá sọnù níbẹ̀, ẹ mú ìwé owó oṣù yẹn gan-an tọ akọ̀wé owó lọ. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Obìnrin tó ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ níbi iṣẹ́, tó wá ń jẹ́ tọkọ lórí BVN àti NIN, ìwé rẹ̀ á kàn máa lọ á máa bọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí káfíńtà gun orí àjà. Kó fi ìṣó gún igi òrùlé, pàápàá ibi tó ti fara kan ògiri. Bí ìṣó bá wọlé láìlo òòlù, ikán tàbí omi ti jẹ igi náà, ẹ ò gbọdọ̀ kan páànù tuntun mọ́ ọn. Ibí yìí gan-an ni ìṣirò ti máa ń dàrú: àwọn èèyàn á ka páànù, wọ́n á gbàgbé pákó. Kó kọ pákó 2 by 3 àti 2 by 4, ìṣó, oògùn ikán, owó ọkọ̀ láti Bódìjà àti owó iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ wá fi 10% lé e nítorí ìnáwó òjijì.

Bí èlé bá jẹ́ 6% lọ́dún, ₦1,000,000 tí ẹ fi ọdún 5 san á máa gba nǹkan bíi ₦19,330 lóṣù, gbogbo èlé á sì tó ₦160,000. Bó bá jẹ́ ọdún 3, ₦30,420 lóṣù ni, èlé á dín sí nǹkan bíi ₦95,000. Bí owó oṣù bá lè gbé e, ọdún 3 la fara mọ́. Ẹ ka gbèsè alájẹsẹ́kù mọ́ ọn o, torí inú owó oṣù kan náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ilé bàbá wa tó ti dolóògbé ni, ní Òkè Mápó. A ò tíì pín in. Ṣé mo lè fi dúró fún ẹ̀yáwó?

ÌDÁHÙN: Ẹ ò lè dá a fi dúró. Ilé ẹbí ni. Àfi kí Mọ́gàjí tàbí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá sì fi owó ara yín tún un ṣe, kò sọ ilé náà di tiyín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye tí ẹ ná sílẹ̀, kí gbogbo ọmọ bàbá fọwọ́ sí i, kí káfíńtà tó dé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀wà ni mò ń tà ní Bódìjà. Kò sẹ́ni tó gbà mí síṣẹ́. Ṣé NHF kàn mí?

ÌDÁHÙN: Ó kàn yín. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ náà lè forúkọ sílẹ̀, kó máa sanwó fúnra rẹ̀. Ẹ máa san án lóṣooṣù, ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ sì máa kó owó ọjà gba inú báńkì, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ iye tó ń wọlé fún yín. Bí ẹ ò bá yáwó rárá títí ẹ fi pé ẹni 60 ọdún, ẹ lè gba owó yín padà tèlé tèlé.