Èsì: Ibi tí omi méjì ti pàdé ni kẹ́ ẹ wá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá omi tútù ń fi ibi tí ẹja wà hàn lójú òkun. Bẹ́ẹ̀ ni o. Láti oṣù Keje sí Ìkẹsàn-án, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀, pàápàá lẹ́bàá Gánà àti Ivory Coast. Oúnjẹ ẹja ló ń bá a gòkè, ni ṣáwá á bá ṣù síbẹ̀.

Àmọ́ ẹ má kó sáàárín omi tútù o! Ẹ wá ìlà ibi tó ti pàdé omi gbígbóná: àwọ̀ omi á yí padà lójijì, ìfòófòó àti koríko á tò gbọọrọ, ẹyẹ á máa já ṣòòrò sínú omi. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ju ìwọ̀ sí. Tẹmómítà olówó pọ́ọ́kú tó láti fi mọ ibi tí omi tútù ti kan gbígbóná. Àwa tí a ń dẹ odò Ògùn lábẹ́ afárá Láfẹ́nwá l'Abẹ́òkúta níbí náà ń ṣọ́ ibi tí omi pupa ti kan omi mímọ́.