Èsì lórí asofẹ́yẹjẹ àti St John's wort

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè da àgbo gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ pọ̀ mọ́ hóró oògùn St John's wort (ewéko òyìnbó kan) tí àbúrò yín fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé wàhálà iṣẹ́ kò jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀, nígbà tí ẹ sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ní tèmi, ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa ti ń fi asofẹ́yẹjẹ wo wèrè, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń mu bíi tíì. Èròjà reserpine tó wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ yọ lára ìbátan rẹ̀ ti ilẹ̀ Íńdíà ní 1952, máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì lè dá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn gan-an tí ẹ ń sá fún sílẹ̀. Tí ẹ bá fi kún oògùn tí ẹ ń lò, òòyì lè gbé yín ṣubú.

St John's wort ní tirẹ̀ wúlò fún ìrẹ̀wẹ̀sì tí kò le, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ àwọn oògùn mìíràn, títí kan nifedipine tí a ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí àti ti kòkòrò HIV, kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ tán. Ẹ kó ìgò rẹ̀ àti oògùn yín lọ bá apòògùn kí ẹ tó gbé ọ̀kankan mì.