Ilé wo ni kí n gbà? Ìdáhùn fún agbẹ̀bí tó ń lọ ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀ òkè ní Ṣábẹ̀ẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Agbẹ̀bí ni mí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mo ń gbé. Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní abúlé tó wà láàárín àwọn òkè, lápá Kaboua, nínú kọ́múùnù (ìjọba ìbílẹ̀) Ṣábẹ̀ẹ́. Oṣù kẹwàá ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 11, èkejì ọmọ ọdún 6. Kútọnu ni bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí ilé kan ní abúlé náà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan àpáta. Ó tutù, ó lẹ́wà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Àwọn ẹbí mi ní kí n má dán an wò, wọ́n ní kí n gbé ní ìgboro Ṣábẹ̀ẹ́ kí n máa gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́, nǹkan bíi kìlómítà 25. Ẹnì kan tilẹ̀ ní Párákú ló dára jù. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun, ìyá wa. Wíwá ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gbé wá sí ìletò ní agbègbè àwọn òkè yìí ni iṣẹ́ mi: nọ́ọ̀sì, olùkọ́, àwọn tó ń kọ́ àgbẹ̀. Ohun tó ń lé wọn padà sílé kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Omi ni. Nítorí náà, omi oṣù kẹta ni kí ẹ fi yan ilé, kí ẹ tó ro ọ̀rọ̀ ọ̀nà, kí ẹ tó wá ro ẹwà.

Láti Ìdáàṣà títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, àpáta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀. Omi òjò kì í wọ inú irú àpáta bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti sán nìkan ni omi ti ń rí àyè, àti inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo orí rẹ̀. Ilẹ̀ rírọ̀ yìí máa ń nípọn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń fẹ́lẹ́ bí a ṣe ń sún mọ́ òkè. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí kànga méjì nínú abúlé kan náà, kí ọ̀kan má gbẹ títí òjò tuntun fi dé, kí èkejì sì ti di ihò lásán kí oṣù kejì tó parí. Kódà àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lu ilẹ̀ lè lu ihò jíjìn kí wọ́n má bá omi níbẹ̀, kí wọ́n sún díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n sì bá a.

Ẹ wá wo ìgbà tí ẹ ń lọ. Ní oṣù kẹwàá, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo ibi ló tutù, kànga kún, koríko ga dé èjìká. Kò sí ilé tí kì í wuni ní oṣù kẹwàá. Onílé á ju korobá sínú kànga lójú yín, á fa omi tó mọ́ gaara jáde, kò sì ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, òjò gidi kì í sábà rọ̀ níbẹ̀. Ọyẹ́ á gba ilẹ̀, ọ̀dá omi á sì tẹ̀lé e.

Nítorí náà, àwọn obìnrin tó ń pọnmi ni kí ẹ bi, kì í ṣe onílé. Níbo ni wọ́n ti ń pọnmi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀? Aago mélòó ni wọ́n ń jí lọ tò? Èló ni bídọ̀n lítà 25 nígbà tí omi bá wọ́n? Ẹ wo okùn kànga náà: bí ó bá gùn ju ibi tí omi wà lọ́jọ́ náà lọ dáadáa, okùn yẹn ti sọ ibi tí omi ń sá lọ fún yín. Bí abúlé bá ní kànga ẹlẹ́rọ, ẹ béèrè ẹni tó ń tún un ṣe, àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi dúró nígbà tó bàjẹ́ kẹ́yìn. Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú: ẹ̀yin mẹ́ta, lítà 20 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, lítà 60 nìyẹn, ó ti ju bídọ̀n méjì lọ. Mímu, oúnjẹ àti ìwẹ̀ ráńpẹ́ nìkan ni ìyẹn lè gbé. Aṣọ tí agbẹ̀bí wọ̀ dé láti ibi ìgbẹ̀bí kò sí nínú rẹ̀.

Ilé tó kan àpáta yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó wù yín, ẹni tó ti etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ wá tó sì rí òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ní ìgbà àkọ́kọ́, ó yẹ kí ó wù ú. Ṣùgbọ́n àpáta dà bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ dé. Omi kì í dúró lórí rẹ̀, gbogbo òjò tó bá rọ̀ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń dà sí. Ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án, àgbàrá á gba ẹ̀yìn ilé yín kọjá. Ẹ wo ara ògiri náà bóyá ẹrẹ̀ pupa ti fi àmì síbẹ̀, kí ẹ sì wo igun ìpìlẹ̀ bóyá omi ti ń jẹ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ìtutù tí ẹ rí yẹn, ti àsìkò òjò ni. Àwọn òkè wa kò ga débi tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á fi máa tutù ní gbogbo ọdún. Ní oṣù kẹta, oòrùn á na àpáta náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àpáta á sì máa tú ooru náà sínú yàrá yín lóru.

Òkè tún máa ń dí nẹ́tíwọ̀kì. Ilé kan lè ní in dáadáa, kí èyí tó wà lẹ́yìn àpáta má ní rárá. Ẹ mú SIM MTN àti ti Moov dání, kí ẹ wọnú yàrá, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ pe èèyàn láti ibi tí ibùsùn yín máa wà. Agbẹ̀bí tí wọn kò lè pè lóru, ẹ̀mí ìyá àti ọmọ wà nínú ewu.

Ìyẹn náà ni kò jẹ́ kí n fara mọ́ ìmọ̀ràn àwọn ẹbí yín. Ìgboro Ṣábẹ̀ẹ́ dára ní tòótọ́: títì ọ̀dà Kútọnu sí Párákú gba ibẹ̀ kọjá, iná SBEE wà, omi SONEB wà. Bí ẹ bá jẹ́ olùkọ́, mo lè ní kí ẹ gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fẹ́ wáyé kì í wo aago. Àlọ àti àbọ̀ kìlómítà 50 lójúmọ́, 250 láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, lórí ilẹ̀ pupa tó ń yọ̀ nígbà òjò tó sì ń di eruku nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: ara yín kò ní gbà á pẹ́. Owó epo náà ńkọ́? Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, kpayo, epo tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, kì í ṣe ohun tí à ń rà láìro mọ́. Párákú kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó lé ní kìlómítà 100 sí Ṣábẹ̀ẹ́.

Èrò mi ni pé kí ẹ gbé inú abúlé, láàárín agbo ilé àwọn èèyàn, níbi tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwòsàn lóru láìgun ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ bi agbanisíṣẹ́ yín bóyá ilé òṣìṣẹ́ wà, nítorí nígbà mìíràn ó wà, wọ́n kàn ti sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rù ni. Kí ẹ tó wá ilé rárá, ẹ lọ kí baálẹ̀ àti olórí abúlé ti ìjọba. Àwọn òkè yẹn ló gba àwọn baba wọn là nígbà ogun, ibòmíràn wà níbẹ̀ tí àlejò kì í dé, ó sì dára kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà. Ẹni tí abúlé mọ̀ ni abúlé ń wá ilé rere fún. Ní ti iná, bí ti SBEE kò bá tíì débẹ̀, panẹ́ẹ̀lì oòrùn kékeré tó fún fóònù àti gílóòbù díẹ̀. Ẹ kàn máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀.

Àwọn ọmọ ló ṣòro jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún 6 lè bá yín gbé kó sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé. Ti ọmọ ọdún 11 yàtọ̀: bí ó bá ti gba CEP, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ṣeé ṣe kí abúlé má ní CEG, ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba. Mo fẹ́ kí ẹ wá ìdílé tí ẹ fọkàn tán ní ìgboro Ṣábẹ̀ẹ́, kó máa gbé lọ́dọ̀ wọn, kó máa wá bá yín ní òpin ọ̀sẹ̀. Inú yín kò ní dùn sí i, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìgboro kò jìnnà tó Àjàṣẹ́. Kí ẹ sì rántí pé ilé ẹ̀kọ́ ń wọlé ní agbedeméjì oṣù kẹsàn-án, ṣáájú iṣẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú.

Ní ti owó, òfin ilé gbígbé tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní ọdún 2018 kò gbà kí onílé gba ju owó oṣù mẹ́ta lọ ṣáájú. Ẹ ṣe ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ abúlé, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ láti máa fa omi kànga inú agbo ilé náà. Ẹ má san ti ọdún kan, bí wọ́n tilẹ̀ ní àwọn á dín owó kù fún yín. Oṣù mẹ́ta yẹn á gbé yín dé oṣù kìíní, nígbà náà ẹ ó ti mọ kànga tó ń gbẹ àti èyí tí kì í gbẹ, ẹ sì lè kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí kì í gbẹ.