Bí a ṣe ń mọ ìran àti ìwà akọ ẹṣin Lárúbáwá tó gba ipò kìíní

Ẹ béèrè bí ènìyàn ṣe lè mọ ìran àti ìwà akọ ẹṣin Lárúbáwá kan tí ó ti gba ipò kìíní nínú ìdíje ńlá, nítorí pé ẹ fẹ́ kí abo ẹṣin yín bímọ fún un. Mo ti gba ọ̀nà yẹn kọjá, ó sì dùn mí dé egungun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Kíka ìwé ìran kò le: bàbá wà lókè, ìyá wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì máa tọ̀ ọ́ lọ títí dé ìran karùn-ún. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìyá tó bí ìyá tó bí ìyá, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀dọ̀ ìyá ni àwọn Bẹdúì inú aṣálẹ̀, tí wọ́n tọ́ irú ẹṣin yìí láti ìgbà pípẹ́, ti ń ka ìdílé rẹ̀: Kuhaylan, Saqlawi, Ubayyan, Hamdani àti Hadban. Abo ni wọ́n fẹ́ràn láti máa gùn lọ sójú ogun, nítorí pé akọ lè yán kí ó sì tú wọn fó. Lónìí, orúkọ bàbá nìkan ni àwọn tó ń ta àtọ̀ ẹṣin ń pariwo.

Nazeer, tí wọ́n bí ní Íjíbítì ní 1934, wà lára àwọn tí wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ fún yín, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ bíi Morafic àti Hadban Enzahi. Ẹṣin ńlá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ka iye ìgbà tí orúkọ rẹ̀ fara hàn níhà bàbá àti níhà ìyá, nítorí pé léraléra ni ó ń jáde nínú ìwé ọ̀pọ̀ ẹṣin tí ìran wọn jẹ́ ti Íjíbítì pọ́ńbélé. Bí ẹ̀jẹ̀ kan náà bá pàdé ara rẹ̀, ẹwà tí ẹ ń wá lè fìdí múlẹ̀, àìsàn tó fara pamọ́ náà sì lè rí èkejì rẹ̀. Ti Pólàńdì wù mí jù, mi ò sì fi í pamọ́. Ní àwọn oko ẹṣin ìjọba wọn bíi Janów Podlaski, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1817, wọ́n máa ń mú àwọn ọ̀dọ́ ẹṣin lọ sórí pápá eré ìje láti dán wọn wò. Bask, tí wọ́n bí ní Pólàńdì ní 1956, dé Amẹ́ríkà ní 1963; ó gba ipò kìíní láàárín àwọn akọ ní ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní 1964, nígbà tí ó sì di 1965, ó tún gba ipò kìíní lábẹ́ gàárì. Ẹ̀rí méjèèjì bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa béèrè, pé ó lẹ́wà, àti pé ó wúlò.

Ohun tí ó ṣe mí lọ́ṣẹ́ kò sí nínú ìwé ìran rárá. Akọ tí mo lò ti gba ife ẹ̀yẹ ní ibi púpọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ aṣojú ẹni tó ni ín bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò àìsàn àjogúnbá fún un, ó ní ẹṣin tó dé ibi tí èyí dé kò lè ní àìsàn. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì tí ó ń forúkọ àwọn ẹṣin sílẹ̀, wọ́n ní àbájáde àyẹ̀wò jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ láàárín àwọn àti ẹni tó ni ẹṣin. Dókítà ẹranko tí ó fi àtọ̀ dídì náà sínú abo mi ní òun kò rí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó sọ fún mi pé irun abo tèmi gan-an lè dáhùn ìbéèrè náà.

Òru ni wọ́n bí ọmọ náà. Kí wákàtí kan tó pé ó ti dìde, ó mu ọmú, ó sì gbé ìrù sókè gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó tó bí ọmọ oṣù méjì, mo rí ikun tó nípọn tó gbẹ mọ́ etí ihò imú rẹ̀, ìhà rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dúró jẹ́ẹ́. Dókítà ní òtútù ni. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ara rẹ̀ yá díẹ̀, ikọ́ náà tún padà. Ó yí oògùn padà, ó ní eruku koríko gbígbẹ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ka àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ó dáhùn pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́ iṣẹ́ dókítà. Nígbà tí dókítà mìíràn gba ẹ̀jẹ̀ náà níkẹyìn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní lymphocyte fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ rárá. SCID ni. Ọmọ tí ó ní i kò ní ohun tí yóò fi bá kòkòrò àrùn jà. Omi ọmú àkọ́kọ́ ti ìyá rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò ó fún ìgbà díẹ̀, bí agbára yẹn bá sì tán, kì í sábà pé oṣù mẹ́fà. Èmi ni mo di orí rẹ̀ mú nígbà tí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn.

Ẹ ka ìwé àdéhùn yín dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Tèmi sọ pé ọmọ tí ó bá ti dìde tí ó sì mu ọmú ti pé, nítorí náà wọn kò dá kọ́bọ̀ kan padà fún mi.

Bí ọ̀rọ̀ AS àti SS ṣe rí láàárín ènìyàn ni èyí náà ṣe rí. Akọ tí ó gbé SCID kò ní ṣàìsàn, ara rẹ̀ yóò máa dán, yóò sì máa gba ife ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n bí òun àti abo tí ó gbé e bá pàdé, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá àìsàn náà wáyé. Láti 1997 ni àyẹ̀wò rẹ̀ ti wà. Méjì mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ni CA, tí ó ń mú kí orí ọmọ ẹṣin máa gbọ̀n kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì gún régé, àti LFS, tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè dìde láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Akọ tí ó gbé ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe ẹṣin burúkú, ó kàn jẹ́ pé abo tí kò gbé e ni ó yẹ kí ó bá bímọ.

Ẹ tún béèrè nípa ìwà. Ní ọ̀pọ̀ ìdíje ní Yúróòpù, ohun márùn-ún ni àwọn adájọ́ ń fún ní máàkì, 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìrísí ẹ̀yà, orí àti ọrùn, ara àti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀, àti ìrìn. Ìwà kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn adájọ́ yìí kan náà ni gbogbo ayé ń tẹ̀ lé. Ẹṣin tí ó na ọrùn, tí ojú rẹ̀ yọ, tí ó ń fọn imú ní gbàgede, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù pàṣán ni ó ń bà á. Ẹ lọ wò ó nílé rẹ̀ ní àkókò oúnjẹ. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, bóyá okùn lásán ni ó mú wọlé tàbí ẹ̀wọ̀n tí ó gba abẹ́ àgbọ̀n. Ẹ wo etí ẹṣin náà nígbà tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ láti fọ pátákò. Ẹ ní kí wọ́n mú abo kan kọjá: akọ gbọ́dọ̀ gbé orí sókè kí ó sì yán, ìyẹn kì í ṣe àléébù, àléébù ni kí ó gbàgbé pé ènìyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ẹ wo àwọn ọmọ rẹ̀ láti ara oríṣiríṣi abo, pàápàá àwọn tí kò gba ipò kankan, nítorí pé àwọn tó gba ipò ni wọn yóò sáré fi hàn yín. Kí ẹ sì má gbàgbé ìwà abo tiyín, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ìyá ni ọmọ ẹṣin ń wà ní gbogbo oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀, ẹṣin iwájú sì ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, ẹ fa irun díẹ̀ tu pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ láti gọ̀gọ̀ abo yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ síbi àyẹ̀wò. Bí kò bá gbé ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ rẹ̀ lè gbé e láti ọ̀dọ̀ bàbá, ṣùgbọ́n àìsàn náà kò ní mú un, akọ yòówù kí ẹ lò. Bí ó bá gbé ọ̀kan, akọ tí ẹ ti fi ojú ara yín rí ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò, bí aṣojú kan bá sì ní ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ni, ẹ wá akọ mìíràn.